Ìyá Kànìnkànìn àti Ẹran Tó Mọ́ Jù

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin náà ti ń fi kànìnkànìn nu ara màlúù tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti bó, tí ẹlòmíràn sì ti fọ̀ mọ́ kó tó kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á ní irú iṣẹ́ wo wá nìyẹn. Òun náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nídìí ọpọ́n ìfun, níbi tó ti ń fọ ṣàkì, tí wọ́n ní kó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù.

"Ẹran tó ti mọ́, kí ni mo tún fẹ́ nù lára rẹ̀?"

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, dá a lóhùn pé, "O ò nù ún kó lè mọ́. Ò ń nù ún ká lè mọ̀ bóyá irọ́ ni wọ́n pa pé ó mọ́."

Kànìnkànìn náà kì í ṣe irú èyí tí à ń fi wẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, wọ́n sì ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọ̀rá dì í. Obìnrin náà á wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, á gbé férémù onírin onígun mẹ́rin lé igẹ̀ ẹran, á nu inú férémù náà nígbà mẹ́wàá láti òkè wá sílẹ̀, á tún nù ún nígbà mẹ́wàá síbùú. Á ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, á ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Á wá ju fóòmù náà sínú àpò ọ̀rá tó ní omi díẹ̀ nínú, á dì í lẹ́nu, á kọ nọ́ńbà ẹran sí i lára, á tì í sínú kúlà oníyìnyín. Ó di yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti da omi inú àpò sínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé abọ́ náà sínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, bí kòkòrò àìfojúrí kan bá wà nínú omi yẹn, á ti bí débi tí ojú lásán á fi rí ibi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kóra jọ sí, roboto bí orí abẹ́rẹ́.

Inú ìfun màlúù àti ara awọ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò náà ń gbé. Wọn kì í ṣe màlúù ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ bá ti ara awọ bọ́ sára ẹran, tí wọ́n wá lọ ẹran náà, tí ẹni tó sè é kò jẹ́ kó jinná dénú, irú kan wà nínú wọn tó lè fi ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ dá ọmọdé dùbúlẹ̀, tó sì lè ba kíndìnrín ọmọ náà jẹ́. Tìtorí irú kan yìí ni kànìnkànìn ṣe wà.

Àwọn alápatà ló sọ ọ́ ní Ìyá Kànìnkànìn. Ó kọ́kọ́ bínú sí i. Nígbà tó yá, ó ń jẹ́ ẹ, kódà lórí tẹlifóònù.

Ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ, àgbà alápatà tó ń bó awọ níwájú ìlà irin tí ẹran ń gbà kọjá. Ọ̀bẹ méjì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń lò. Ọ̀kan á wà lọ́wọ́, èkejì á wà nínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Bó bá ti fi ti ọwọ́ rẹ̀ la awọ báyìí, ó gbọ́dọ̀ tì í sínú omi gbígbóná kó sì mú èkejì, nítorí ọ̀bẹ tó kan ìta awọ kò gbọdọ̀ kan ẹran lábẹ́. Ogójì màlúù ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ní òun kò gbàgbé rí, ẹ má gbà á gbọ́.

"Ìyá Kànìnkànìn, rọra o. Má rin ín nígàkè, ẹran ẹlẹ́ran ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ kan ṣoṣo lẹ fi bó èyí tó kọjá yẹn."

"Irọ́ ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀."

"Mo wo ojú omi yín. Kò mì."

"Ojú wo lo fi ń wo omi mi látibẹ̀ yẹn? Ṣé ẹran lo ń ṣọ́ ni àbí èmi?"

"Bí mo bá ṣọ́ ẹran, ẹ̀yin náà ni mò ń ṣọ́."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Òótọ́ sì wà nínú rẹ̀: ohun tí kànìnkànìn bá rí lẹ́yìn, ọ̀bẹ iwájú ló fi í síbẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ náà àti àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì gbé àpótí ńlá onírin kan kalẹ̀ láàárín ìlà, ó ga ju ẹran tí wọ́n fi kọ́ lọ. Bí ẹran bá wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, omi gbígbóná á tú lé e lórí láti ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà omi mìíràn á tẹ̀ lé e, omi tó kan, irú kíkan tó ń wà nínú wàrà tó ti pẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kì í fẹ́ràn ohun kíkan. Wọ́n ní àpótí náà á máa pa mẹ́sàn-án nínú kòkòrò mẹ́wàá. Ẹnì kan tún ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ta àpótí náà fún wọn lẹni yẹn.

Kí àpótí tó dé, nínú ọgọ́rùn-ún ẹran tí Ìyá Kànìnkànìn bá nù, mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni wọ́n ń bá kòkòrò lára rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí àpótí dé, òfo. Oṣù kìíní, òfo. Oṣù kejì, òfo. Nígbà tó di oṣù kẹrin, máníjà lẹ àbájáde náà mọ́ ara ògiri ilé oúnjẹ, ó ra kéèkì, ó sì sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, ìlà á máa sáré sí i. Dípò ogójì màlúù ní wákàtí kan, yóò di márùndínlọ́gọ́ta. Bí eruku awọ bá tilẹ̀ kan ẹran, ó ní, omi kíkan wà níwájú tó ń dúró dè é.

"Ẹ kúkú jẹ́ kí n máa fi eyín bó o," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí, kéèkì wà lẹ́nu rẹ̀. "Omi ti gba iṣẹ́ mi."

Máníjà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin tó lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún ni, tó máa ń dìde fún àgbà, tó sì máa ń ka ìwé àbájáde nígbà tó bá ń jẹun. Òfo tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ó ṣe tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ìyá Kànìnkànìn jẹ nínú kéèkì náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni ṣéènì tó ń fa ẹran já. Ẹran mẹ́fà ti jáde láti inú àpótí, wọ́n ń fì lórí irin, ṣùgbọ́n òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má dúró lábẹ́ irin nígbà tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ bá wà lókè. Ìyá Kànìnkànìn jókòó sórí kúlà rẹ̀. Wọ́n lò tó wákàtí kan kí wọ́n tó tún ṣéènì so. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó dìde, ó nu ẹran mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe máa ń nù wọ́n, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́.

Ní ọjọ́bọ̀, máníjà pè é sí ọ́fíìsì. Bébà kan wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó. Méjì nínú mẹ́fà ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ní kòkòrò."

"Méjì?"

"Méjì. Oṣù mẹ́rin a ò rí ẹyọ kan, a wá rí méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ọwọ́ ta ni?"

Máníjà yí bébà náà padà kí obìnrin náà lè kà á. Láti ọjọ́ Ajé, yàrá awọ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ ra awọ màlúù kí ó má bàa jẹrà. Ẹlòmíràn yóò gba kànìnkànìn.

Ohun kan wà tí Ìyá Kànìnkànìn máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣí fóòmù kan tí kò ní fi kan ẹran rárá, á jù ú sínú àpò, á fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí, tàbí àpò, tàbí omi inú àpò, ibẹ̀ ni yóò ti hàn. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò hàn rí. Kò sí ohun mìíràn tó ń fi yangàn nílé ayé, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe aṣọ.

"Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?" ló béèrè. "Èyí tí kò kan ẹran?"

"Ó mọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ẹ mọ́ nígbà tí ẹ ń ṣí ìyẹn, tí ẹ wá dọ̀tí kí ẹ tó dé ìdí ẹran. Ẹ ti jókòó sórí kúlà fún wákàtí kan, Ìyá. Wọ́n rí yín."

Ó mú bébà náà, ó ká a, ó fi í sí àpò aṣọ. Kò dúpẹ́, kò sì jà.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ṣúmékà. Iwájú yàrá wọn ló ń jókòó sí, pẹ̀lú òòlù kan àti bàtà àwọn ènìyàn tó ti gbàgbé pé àwọn gbé bàtà wá. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ọwọ́ rẹ dọ̀tí lóòótọ́?"

"Ẹ tún bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, ẹ ó fọwọ́ ara yín se oúnjẹ."

"Mi ò bá ọ jà o. Mo bi ọ́ ni." Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Bí oníbàárà bá gbé bàtà wá pé ó ń fún òun lẹ́sẹ̀, mi ò kọ́kọ́ wo bàtà. Mo máa ń bi í pé ibo ló wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Kí ló yàtọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ṣéènì já. A dúró. Wọ́n so ó. Mo nù ún."

"Nígbà tí ẹ dúró, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹran?"

"Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹran tó ti kú. Ó wà lórí irin, ó ń ro, ó ń gbẹ."

Òun ló sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì gbọ́ ọ. Ó lọ fọ àwo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀gbẹ́ férémù ha ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lókè ibi tí ìbọ̀wọ́ mọ. Kò tó ohun tí ènìyàn ń di nǹkan mọ́. Ẹran tó tẹ̀ lé e jáde láti inú àpótí, omi ń ro lára rẹ̀ tó-tó-tó, ó sì dojú kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó gbé fóòmù sókè láti jù ú sínú àpò, omi ro láti ara rẹ̀ sí ojú ibi tó ha náà. Ó ta á bí ata.

Ó dúró. Ó gbé àpò náà sí imú kí ó tó dì í lẹ́nu. Ó kan.

Ìbéèrè ọkọ rẹ̀ ló padà wá sí i lọ́kàn nígbà náà. Yàrá àyẹ̀wò máa ń tọ́jú omi tó bá ṣẹ́kù nínú àpò fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí àkókò ìsinmi tó, tí àwọn ará ibẹ̀ lọ jẹun, ó wọlé, ó ṣí fíríìjì, ó mú àpò kan ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọ̀kan ti ọjọ́rú. Ó gbóòórùn wọn. Kò gba imú ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbé wọn lọ bá Ọ̀gá Ọ̀bẹ lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí níta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn èyí."

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ kàn gbóòórùn rẹ̀."

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Wàrà tó bàjẹ́."

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹran ni. Ẹran lásán." Ó dá a padà fún un. "Kí wá ni?"

"Èyí tó kan ni ti ọjọ́rú. Mo nù ún nígbà tí omi àpótí ṣì ń ro lára rẹ̀. Èyí tí kò kan ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ẹran ti gbẹ. Fóòmù mi ń mu omi kíkan láti ara ẹran, mò ń jù ú sínú àpò, ó ń sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tó ń pa kòkòrò ni mò ń dì mọ́ kòkòrò nínú àpò kan náà. Bí ẹyọ kan bá wà lára ẹran, kó tó dé abọ́ wọn, ó ti kú sínú àpò mi."

Ọ̀gá Ọ̀bẹ rò ó.

"Ẹran ò wá mọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àpò mi ló mọ́."

Ìlànà tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ọ ni pé kí ó gba ẹran lẹ́nu ọ̀nà, kí ọwọ́ mìíràn tó kàn án. "Má jẹ́ kó tutù mọ́ ọ lójú." Láyé omi lásán, òótọ́ ni. Ẹran tó bá dúró pẹ́ lórí irin, ẹnikẹ́ni lè fara kàn án, wọ́n á sì dá ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn tó fọ̀ ọ́ lórí. Nígbà tí omi kíkan dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìlànà náà ti kú. Bó ṣe ń yára tó, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ inú àpò ń pọ̀ tó. Ká ní ọ̀lẹ ni, ilé iṣẹ́ náà ì bá ti mọ òótọ́ láti oṣù kìíní.

"Gbọ́," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí, "lọ sí yàrá awọ. Ọdún mélòó ló kù fún ọ?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà kì í ṣe nǹkan. Iyọ̀ kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè. Bí o bá lọ jẹ́jẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n á ní o ṣàṣìṣe. Bí o bá lanu, oṣù mẹ́rin ni. Ìwọ fúnra rẹ lo nù ún. Orúkọ rẹ ló wà lára gbogbo àpò yẹn, kì í ṣe tèmi."

Òótọ́ ló sọ. Láti wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ọjọ́ kan, ó ní láti fi ọgọ́rin ọjọ́ kun ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá bi í léèrè lónìí ìdí tí kò fi gba ìmọ̀ràn yẹn, á ní ọmọ àwọn ènìyàn lòun rò, pé ẹran lílọ̀ ilé iṣẹ́ náà ń lọ sí ilé ìdáná àwọn ilé ìwé. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún Ọ̀gá Ọ̀bẹ lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà kò ju báyìí lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ mi dọ̀tí."

Ọjọ́ Ẹtì ni olùwádìí láti yunifásítì máa ń wá gba àbájáde. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, wọ́n ń pè é ní Dókítà Kékeré, nítorí bàtà rọ́bà tó kéré jù nílé iṣẹ́ náà tóbi fún un. Ìyá Kànìnkànìn bá a níbi tó ti ń wọ bàtà náà, ó sì gbé àpò méjèèjì fún un. Kò ṣàlàyé. Ó ní kó gbóòórùn wọn.

Dókítà Kékeré gbóòórùn wọn. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́.

"Mà, omi wo ló wà nínú àpò yín kí ẹ tó lò ó?"

"Omi oníyọ̀. Irú èyí tí a ń lò láti ọjọ́ yìí."

"Kì í ṣe èyí tó ń pa agbára kíkan?"

"Èwo nìyẹn?"

"Ó wà nínú ìwé ìlànà. Èmi ni mo kọ ọ́. Ojú ewé kẹtàdínlógún. Kí ẹran ro fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì lo àpò tuntun."

"Ìwé wo, ọmọ mi? Ìwé kankan ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣé o bi mí rí?"

Ọmọbìnrin náà kò bi í rí. Àwọn tó gbé àpótí kalẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀, àti àwọn ará yàrá àyẹ̀wò, àti máníjà. Òun náà gbà pé ẹni tó ń di kànìnkànìn mú kì í ka ìwé.

"Ó tán," ló wí. "Oṣù mẹ́rin tèmi náà ti wọmi."

"Kò tíì wọmi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó. Ṣé o ní irú àpò yẹn?"

Ó ní mẹ́wàá nínú ọkọ̀.

Wọ́n mú ẹran mẹ́wàá tó jáde láti inú àpótí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ẹran ni wọ́n ti là sí méjì láti àárín ẹ̀yìn kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà, apá kan ní ìkejì tó jọ ọ́ bí ìbejì. Apá òsì, Ìyá Kànìnkànìn nù ún bó ṣe máa ń nù ún, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú àpò àtijọ́. Apá ọ̀tún, ó jẹ́ kó ro fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Dókítà Kékeré dúró tì í pẹ̀lú aago kí ẹnikẹ́ni má fara kàn án, ó wá nù ún sínú àpò tuntun. Ó ṣí fóòmù kan tí kò kan ẹran sínú àpò àtijọ́. Ó ya ọ̀kan lára àwọn àpò tuntun mẹ́wàá náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fẹ̀sùn kan ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà mẹ́sàn-án péré ni apá ọ̀tún tó rí àpò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n to àwọn abọ́ náà sórí tábìlì máníjà. Fóòmù méjì tí kò kan ẹran, òfo. Apá òsì mẹ́wàá, òfo. Apá ọ̀tún mẹ́sàn-án, méjì ní kòkòrò, ibi tí wọ́n kóra jọ sí hàn ketekete.

Máníjà kà wọ́n. Ó tún wọn kà, ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí iná.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe fún oṣù mẹ́rin, kì í ṣe òótọ́."

"Mo ní ẹran ò mọ́ tó bí mo ṣe ní ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

"Lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn tó ń ra ẹran lọ́wọ́ wa ńkọ́? Mo kọ òfo sí i. Mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ kọ òmíràn."

"Ó rọrùn fún ẹnu yín."

"Kò rọrùn. Kí ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Dókítà Kékeré ní kí wọ́n kọ tòun náà, nítorí òun ló yẹ kó wò ó, òun kò sì wò ó. Máníjà wo àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo ènìyàn tó ń bá ara wọn du ẹrù tó ṣubú. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣàìsàn láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Dókítà Kékeré ní kò sí ẹni tí àwọn gbọ́. Ìyá Kànìnkànìn ní gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣẹlẹ̀. Máníjà fa bébà kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn oníbàárà, pé kí wọ́n má gbára lé òfo oṣù mẹ́rin, kí wọ́n sì rí i pé ẹran lílọ̀ jinná dénú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba wá, wọ́n jókòó fún ọjọ́ méjì, wọ́n mu tíì púpọ̀, wọ́n kó ìwé lọ. Lẹ́tà yàrá awọ di yíyà. Ṣùgbọ́n Ìyá Kànìnkànìn gba òmíràn, ìkìlọ̀ tó sọ pé ó gba àpẹẹrẹ lọ́nà tí kò tọ́ fún oṣù mẹ́rin. Dókítà Kékeré gba irú rẹ̀ ní yunifásítì. Máníjà kọ tirẹ̀ sí ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òkè. Ìyá Kànìnkànìn ka tirẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Wọn ò sọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà látìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ìlà sáré ju ogójì lọ. Ìwé ìlànà ti wà lára ògiri báyìí, níbi tí ojú Ìyá Kànìnkànìn dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi bírò kọ ìdí abájọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, pé "kí ó ro, nítorí kíkan," àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò sọ ìdí fún un, ó sì rí ohun tó ti inú rẹ̀ jáde.

Àbájáde oṣù kìíní jáde: nínú ọgọ́rùn-ún ẹran, márùn-ún ló ní kòkòrò. Mẹ́rìnlá di márùn-ún, ìyẹn ni pé àpótí náà ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe é tó bí ẹni tó tà á ṣe wí. Dókítà Kékeré ní ìròyìn ayọ̀ gan-an ni. Máníjà ní a ò lè ra kéèkì fún márùn-ún.

"Márùn-ún yẹn, tèmi ni ẹ máa pè é," ni Ọ̀gá Ọ̀bẹ wí.

"Ti ta ni ká wá pè é, ẹ̀gbọ́n? Ṣé màlúù ló bó ara rẹ̀?"

Ní oṣù kejì, máníjà wá bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń lọ kí ìwé tó jáde. Ó ń retí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́ta. Ìyá Kànìnkànìn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó ní mẹ́fà ni.

"Mẹ́fà? Ó ti lọ sókè?"

"Mẹ́fà ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó na ìwé àkọsílẹ̀ àbájáde ojoojúmọ́ sí i, ó sì fi ìka hàn án ibi tí òun ti fọwọ́ sí i.